“Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan”: ṣé èébú ni?

Ìbéèrè tó wọlé rèé: “Ẹ jọ̀ọ́, níbi ìpàdé ẹbí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá àgbà kan wo àbúrò bàbá mi tí wọ́n dá jókòó sẹ́yìn, wọ́n ní, ‘Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan.’ Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àmọ́ àbúrò bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ṣé èébú ni? Kí ló tiẹ̀ pa àbàtà àti odò pọ̀?”

Kì í ṣe èébú, àmọ́ ó ta. Ẹni tó bá ń ṣe bí àlejò láàárín àwọn tó jẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n ń pa á fún: ẹbí ń gbìmọ̀, kò dá sí i, wọ́n ń dáwó, ó ń wo òkè àjà. “Takété” ni kéèyàn dá dúró sọ́ọ̀ọ́kán. “Bá tan” ni kí ẹ̀jẹ̀ pa èèyàn méjì pọ̀, inú rẹ̀ la sì ti fa “ìbátan” yọ. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní “kò bá odò tán”, bí ẹni pé iṣẹ́ kan ni wọ́n ń parí. Ohùn àárín ló wà níbẹ̀ o.

“Bí ẹni tí” yẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù nínú òwe yìí. Àwọn àgbà ò sọ pé àbàtà kò bá odò tan. Wọ́n ní ó ń ṣe bí ẹni tí kò bá a tan ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti rí i, kó lọ wo etí odò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Ìyá ìyá mi ní àkùrọ̀ kan létí odò kékeré tó ń ṣàn lọ bá odò Ọbà. Tí òjò bá ti dá ní oṣù Kọkànlá, odò yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Kó tó di oṣù Kejì, kò ní ṣàn mọ́. Omi á kàn dúró sínú kòtò, ọ̀kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, yanrìn gbígbẹ á wà láàárín wọn. Ilẹ̀ àbàtà á ti sán. Tó o bá débẹ̀ lákòókò ọyẹ́, o ò ní gbà pé nǹkan kan pa wọ́n pọ̀. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ìyá àgbà ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí. Wọ́n á gbẹ́ ihò tí kò jìn, omi á sun sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fi igbá bù ú rin ẹ̀fọ́.

Abẹ́ ilẹ̀ ni omi yẹn ti ń wá. Lọ́dọ̀ tiwa, apáta líle ló wà nísàlẹ̀, erùpẹ̀ tó bò ó kò sì nípọn púpọ̀. Òjò tó bá rin ilẹ̀ kì í rọ́nà lọ jìnnà. Inú erùpẹ̀ yẹn àti ibi tí apáta ti sán ló ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ ló ti ń yọ́ wọ odò. Nígbà tó bá lọ sílẹ̀ ju ìsàlẹ̀ odò lọ, odò á dá. Àwọn ẹ̀ka kéékèèké ló ń kọ́kọ́ já kúrò lára ìyá wọn. Ìdí nìyẹn tí àkọ́rọ̀ òjò kì í fi í mú odò ṣàn lọ́jọ́ kan: ilẹ̀ tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti ìgbà ọyẹ́ á kọ́kọ́ mu tirẹ̀ ná.

Padà wá ní oṣù Kẹsàn-án. Odò ti gun bèbè, ó ti wọ àbàtà, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ hàn ọ́ pé ibí ni ọ̀kan parí sí. Ẹja àrọ̀ mọ èyí ju èèyàn lọ. Tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, á kúrò lójú odò, á lọ yé ẹyin sínú omi tí kò jìn tó bo koríko. Ibẹ̀ lọmọ rẹ̀ á ti máa jẹun kí omi tó fà. Èyí tó bá há sínú kòtò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í tètè kú, torí àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló sì tún ń kún odò tí òjò bá dé. Ẹni tó bá wá gbọ́n kòtò gbẹ láti kó gbogbo ẹja inú rẹ̀ (èmi náà ti bá wọn gbọ́n ọn rí), irú ọdún tó ń bọ̀ ló ń sè jẹ.

Lóde òní, ẹ̀rù ń bà mí pé “bí ẹni tí” yẹn lè di òótọ́. Nígbà ọ̀dá àwọn ọdún 1970 àti 1980 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òjò dín, àmọ́ omi odò Ọya dín ju bí òjò ṣe dín lọ. Ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mu. Ìṣẹ́kù ni odò ń jẹ. Ooru tó ń pọ̀ sí i tún ń fa omi lójú odò àti lára ewé. Tí òjò bá sì pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, tó wá rọ̀ yàà lẹ́ẹ̀kan náà, tó ṣàn lọ bí àgbàrá láìwọlẹ̀, òjò ọdún náà lè má dín rárá, síbẹ̀ ọjọ́ tí odò àti àbàtà fi ń fojú kanra á dín kù. Dáàmù náà ń dá kún un. Èyí tó wà lórí Ọbà ń fún Ògbómọ̀ṣọ́ lómi, a dúpẹ́, àmọ́ ó ń gba àkúnya mọ́ra, ẹja ò sì lè gun ògiri.

Èèyàn náà sì máa ń gbàgbé. Ní Ìbàdàn, wọ́n kọ́lé há Ògùnpa mọ́ bí ẹni pé bèbè kì í ṣe tirẹ̀. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò náà wọlé tọ̀ wọ́n, ó sì gba ẹ̀mí tó ju 200 lọ. “Omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù” ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti àbúrò bàbá rẹ, ohun tí bàbá àgbà ń sọ fún wọn ni pé ẹ̀ẹ̀rùn ló ń ṣe wọ́n, kì í ṣe pé wọn kì í ṣe ọmọ ilé. Bóyá ìdí tí wọn ò fi rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ìwọ má pa á fún wọn o, o kéré. Tó bá wá di dandan kí o pa á lójú àgbà, fi “tótó, ó ṣe bí òwe” kún un. Wọ́n á ní wàá rí òmíràn pa.