Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin tí ojú ẹ̀ pọ́n: ẹ má dúró de ìkómọ

Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ o, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ohun tí ẹ kọ lálẹ́ àná ni mo kà tí oorun fi dá lójú mi. Ẹ ní ọmọkùnrin yín pé ọjọ́ mẹ́rin, ojú ẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú, ibà pọ́njú tí òyìnbó ń pè ní jaundice, ó sì ti ń ràn dé àyà. Ìyá ọkọ yín ní kí ẹ máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, kí ẹ sì máa fún un lómi gúlúkóòsì. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí yín sọ lórí fóònù pé gbogbo ọmọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ń bèèrè bóyá ẹ lè dúró kí wọ́n kó ọmọ jáde lọ́jọ́ kẹjọ ná, torí màmá ní ọmọ kì í jáde kó tó gba orúkọ.

Gbólóhùn tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ fún yín, òun gan-an ni wọ́n sọ fún mi.

Oṣù kìíní ọdún 2018 ni mo bí àkọ́bí mi nílé ìwòsàn aládàáni kékeré kan n'Ìbàdàn. Kílò mẹ́ta géérégé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní ká máa lọ sílé. Lọ́jọ́ kẹta ni ìyá mi la ojú ẹ̀ wò tó ní, "Ìwọ, wá wo ojú ọmọ yìí." Funfun ojú ẹ̀ ti di bí omi tí wọ́n fọ ata ilẹ̀ pupa sí. Mo fóònù ilé ìwòsàn. "Màdáámù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ máa gbé e sóòrùn." Mo tún pè lọ́jọ́ kẹrin. Oòrùn náà ni. Mo pè lẹ́ẹ̀kẹta, ẹlòmíràn gbé e, ó ní ṣé èmi ni mo pè lánàá.

Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà yẹn, oòrùn fúnra ẹ̀ ń ti inú eruku wò wá bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Mo ń tú ọmọ sí ìhòòhò nínú ọ̀gìnnìtìn láago méje àárọ̀, mo sì tún ń fi aṣọ òtútù kan wé e tí àbúrò ìyá mi kó wá látinú àpótí, aṣọ tó ti ń gbé pẹ̀lú káńfọ̀ fún ọdún mélòó kan. Ó ń rùn lóòótọ́. Òórùn aṣọ mímọ́ ni mo pè é.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó sùn. Ó sùn títí. Tí mo bá ti ọmú sí i lẹ́nu, á fà á lẹ́ẹ̀mejì, á tún sùn. A ń yìn ín. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni, pé ọkọ mi ò dààmú òun bẹ́ẹ̀ náà. Inú mi dùn torí èmi náà rí oorun díẹ̀ sùn. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn títí dòní, pé inú mi dùn. Nígbà tó fi máa di alẹ́, igbe ẹ̀ yí padà. Kò ké bí ọmọ mọ́, ó ń han tín-ín-rín bí ọmọ ológbò, ó sì ń tẹ ẹ̀yìn ẹ̀ kọ́ bí ọrun. Ìgbà yẹn la tó gbéra.

Ní láàbù àkọ́kọ́, èsì bilirúbìn, ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ojú ọmọ pọ́n, jáde: 410. Ọkọ mi yẹ fóònù ẹ̀ wò, ó rí i pé àwọn èèyàn ń kọ pé tó bá lé ní 20 ó léwu. Ó ní ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́, kò sí bó ṣe lè jẹ́ 410. A gbéra lọ sí láàbù kejì, wákàtí méjì lọ síbẹ̀. Ẹ gbọ́ o: òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n fi ń kọ bilirúbìn. Àwọn kan ń lo mg/dL, àwọn kan ń lo µmol/L, ìyàtọ̀ àárín wọn sì jẹ́ ìlọ́po 17. 410 yẹn, µmol/L ni, nǹkan bí 24 ni lórí mg/dL. Ẹ̀rọ wọn ò bàjẹ́ rárá. Kò sí ẹnì kan ní láàbù tó lanu sọ ọ́ fún wa, ìwé ni wọ́n nà sí wa bíi rìsíìtì.

Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba ni a já sí ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. Káàdì, owó àsansílẹ̀, ẹ mọ gbogbo ìyẹn. Wọ́n gbé e sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń tọ́jú ojú pípọ́n, wọ́n bò ó lójú. Iná kan ni, ọmọ méjì ló wà lábẹ́ ẹ̀. Kò pẹ́ ni iná ìjọba lọ. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ wà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ibi tí dísẹ́ẹ̀lì wà wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni kò sí. Mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ń ka ìṣẹ́jú. Nígbà tí iná dé, ó ti lé ní wákàtí kan. Dókítà ọ̀dọ́bìnrin kan fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, ó tẹ ara ẹ̀, ó gbé aṣọ òtútù yẹn sí imú, ó ní, "Ta ló fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ?" Mo ní èmi kọ́. Bí ẹni tó jí nǹkan ni mo ṣe dáhùn.

Ó ní iná nìkan ò ní ká a mọ́, àfi kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ọmọ kílò mẹ́ta, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílílítà 250, wọ́n á wá pààrọ̀ ìlọ́po méjì ìyẹn. Irú ẹ̀jẹ̀ O ni tèmi, ti ọkọ mi A, ti ọmọ A. Àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tèmi ti ń bá sẹ́ẹ̀lì pupa tiẹ̀ jà, káńfọ̀ sì tún lọ kún un. Ẹ̀jẹ̀ O ni wọ́n fẹ́, èyí tó bá ti èmi àti ọmọ mu. Ọkọ mi ò lè fún un. Àbúrò ẹ̀ tó jẹ́ O ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ láàárọ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀, wọ́n ní àwọn á yẹ ẹ́ wò bóyá kò ní kòkòrò HIV tàbí àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó wà ní fèrèsé báńkì ẹ̀jẹ̀ fa gíláàsì ẹ̀ dé, ó ní ká padà wá láago méjì. Àṣẹ̀ṣẹ̀lù aago mọ́kànlá ni o. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lu gíláàsì yẹn títí nọ́ọ̀sì kan fi wá bá mi bẹ̀ ẹ́.

Láti ojú ìdodo ni wọ́n ti ṣe é. Síríńjì kan jáde, síríńjì kan wọlé, díẹ̀díẹ̀, ó tó wákàtí méjì. Nígbà tí ọ̀gá dókítà wá yí ká lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ ni, "Kí ló dé tí ẹ ò tètè gbé e wá?" Èmi tí mo fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ káńfọ̀ yẹn, ẹ tẹ́tí sí i dáadáa torí ọkùnrin ni ọmọ yín. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD, òun ló ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa. Láàárín àwa Yorùbá, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ni tiẹ̀ ò tó. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún ẹ̀, ìyá fúnra ẹ̀ sì lè má mọ̀ láéláé. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa káńfọ̀ símú, sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀ á máa fọ́, ohun tó bá sì ti ara wọn jáde ni bilirúbìn yẹn. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun ò tíì lágbára láti palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Tó bá pọ̀ jù, á wọ ọpọlọ lọ. Àwọn páúdà àti ìpara tó ní menthol náà, ẹ gbé wọn jìnnà sí i.

Àwọn kan á wá sọ fún yín nísàlẹ̀ níbí pé oòrùn ń ṣiṣẹ́, pé wọ́n ti dán an wò l'Ékòó. Òótọ́ ni pé wọ́n dán an wò, ìwádìí náà jáde lọ́dún 2015. Ṣùgbọ́n abẹ́ àgọ́ tí wọ́n fi ọ̀rá àkànṣe bò ni àwọn ọmọ wà, ọ̀rá tó ń yọ ìtànṣán tó lè jó wọn lára kúrò, wọ́n sì ń wọn ìgbóná ara wọn léraléra. Bálíkónì ilé yín kọ́ nìyẹn. Oòrùn bálíkónì ò ní òṣùwọ̀n, èyí tó sì burú jù nínú ẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kéèyàn rò pé òun ti ń tọ́jú ọmọ.

Omi gúlúkóòsì ò lé bilirúbìn lọ. Ìgbẹ́ ló ń gbà jáde, ọmú ló sì ń mú ọmọ yàgbẹ́. Ẹ fún un lọ́mú lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí méjìlá láàárín ọ̀sán àti òru, kódà kí ẹ jí i. Ampiclox náà, tí gbogbo ilé ń lò bí ẹni ń lo omi, kò kan bilirúbìn rárá. Omi ìbẹ́pẹ, àgbo, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ ò sọ irú ẹ̀jẹ̀ tiyín. Tó bá jẹ́ pé Rhesus yín, àmì + tàbí − tó ń tẹ̀lé irú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ nẹ́gátífù tí tọmọ sì jẹ́ pọ́sítífù, abẹ́rẹ́ kan wà tó yẹ kí ẹ ti gbà láàárín wákàtí 72 tí ẹ bímọ. Ó ti kọjá, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún dókítà, wọ́n ṣì lè fún yín. Torí ọmọ tó ń bọ̀ ni.

Ẹ má sì fi àwọ̀ ara díwọ̀n. Ọmọ dúdú máa ń tan èèyàn. Ẹ wo funfun ojú, ẹ wo eérìgì, ẹ tẹ ara ẹ̀ níbi tí egungun wà kí ẹ wo àwọ̀ tó yọ. Bó ti wù kó rí, ojú kò lè sọ iye tó jẹ́, àyẹ̀wò ló ń sọ ọ́. Nígbà tí mo bí obìnrin ṣìkejì, mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní mi ò lọ sílé àfi tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan lé iwájú orí ẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ yẹn ìbá wà níbi tí mo ti bí ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà láàyè, ó ń lọ sílé ìwé, ó sì ń jà bí ọmọkùnrin. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Àyẹ̀wò etí àkọ́kọ́ ní kò sí wàhálà. Dókítà obìnrin ọjọ́sí ló tẹnu mọ́ ọn pé ká ṣe èyí tí wọ́n ń fi wáyà sórí, tó ń wo bí ohùn ṣe ń rìn dé ọpọlọ. Ibẹ̀ ló ti hàn. Ó ń gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò dá ṣáká létí ẹ̀, pàápàá níbi tí ariwo bá wà. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹ̀, àyẹ̀wò kejì yẹn ni kó béèrè fún, kó má jẹ́ kí wọ́n fi ti àkọ́kọ́ lé e lọ sílé.

Èyí tó bá ṣì pọ́n lójú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí ìgbẹ́ ẹ̀ funfun bí ògì tí ìtọ̀ ẹ̀ sì dúdú, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn, ti òpó òróǹro. Iṣẹ́ abẹ ẹ̀ ò fẹ́ kí ọmọ kọjá oṣù méjì.

Mo ti ń rìn jìnnà. Ìkómọ lẹ béèrè. Rárá o, ẹ má dúró. Ẹ gbé e lọ lónìí, kí ẹ sọ pé kí wọ́n wọn bilirúbìn àti G6PD, kí wọ́n wo irú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì. Tí kò bá jí mu ọmú, tàbí igbe ẹ̀ yí padà, tàbí ara ẹ̀ gbóná, ẹ má tilẹ̀ parí kíkà yìí. Ẹ má bá màmá jà, ẹ ní kí àwọn náà bá yín lọ. Lọ́jọ́ kẹjọ ọmọ mi, abẹ́ iná búlúù ló wà, wọ́n fi aṣọ bò ó lójú. Orí fóònù ni bàbá ọkọ mi ti dárúkọ ẹ̀, lórí ẹ̀rọ agbóhùnjáde, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ń ṣe àmín. Àwọn tó wá sílé jẹ ìrẹsì wọn.

Tí èsì bá jáde, ẹ kọ nọ́ńbà náà síbí, kí ẹ kọ òṣùwọ̀n ẹ̀ tì í.