Hyaluronic Acid Nínú Ìpara, Oògùn Ojú àti Abẹ́rẹ́ Orúnkún

Ìbéèrè: As-salāmu ʿalaykum, Àáfà. Mo rí “sodium hyaluronate” lára ìpara ojú mi àti oògùn tí mo ń kán sójú. Ẹnì kan ní ogbe àkùkọ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹlòmíràn ní bakitéríà ló ń ṣe é, pé ọtí sì wà níbẹ̀. Ṣé mo lè kírun pẹ̀lú rẹ̀ lára? Ṣé ó ń ba ààwẹ̀ jẹ́? Dókítà tún fẹ́ gún un sí orúnkún ìyá mi.

Ìdáhùn: Wa ʿalaykumu s-salām wa raḥmatullāh. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Hyaluronic acid ni nǹkan yìí (sodium hyaluronate ni iyọ̀ rẹ̀), ó sì wà lára gbogbo wa, nínú awọ, nínú omi oríkèé, nínú ẹyinjú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó di omi mú. Ojú màlúù ni Karl Meyer àti John Palmer ti yọ ọ́ ní 1934. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lára ogbe àkùkọ, ṣùgbọ́n bakitéríà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lónìí.

Wọ́n á da omi, ṣúgà àti peptone, ìyẹn oúnjẹ bakitéríà, sínú àgbá irin, wọ́n á mú un gbóná dé nǹkan bíi 37°C, wọ́n á sì fi Streptococcus zooepidemicus sí i. Bakitéríà yìí a máa fi hyaluronic acid bora bí aṣọ. Omi náà á máa ki. Tó bá dé bíi gíráàmù 6 sí 7 nínú lítà kan, yóò ti fà débi pé atẹ́gùn kò ráyè káàkiri inú rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ á sì dúró. Wọ́n á sẹ́ bakitéríà kúrò, wọ́n á da ethanol tó tó ìlọ́po 2 tàbí 3 lé e, yóò dì funfun bí òwú, wọ́n á sì gbẹ ẹ́.

Ọtí tí ẹ gbọ́ nìyẹn. Wọn kò pèsè rẹ̀ fún mímu, ó sì ń fẹ́ lọ nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ ẹ́. Kò sọ ìpara yín di ẹ̀gbin.

Peptone ló yẹ kí ẹ béèrè. Ó lè wá láti ara sóyà tàbí ìwúkàrà. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ́ńsáìmù láti inú ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi fọ́ ọ. N kò ní pe ti ẹlẹ́dẹ̀ yìí ní hàrámù, torí bakitéríà ti jẹ ẹ́, ó ti di nǹkan mìíràn, bí ewébẹ̀ tó hù lórí ìdọ̀tí. Síbẹ̀, bí ẹ bá rí ti sóyà, òun ni kí ẹ mú. Ti ogbe àkùkọ yàtọ̀: yíyọ ni wọ́n yọ ọ́, kò yípadà. Bí wọn kò bá dú àkùkọ náà bí ẹ̀sìn ti wí, òkúǹbete ni. Fún èyí tí wọ́n ń gbé mì, ẹ wo èèpo kápúsù. Gelatin ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ ju inú rẹ̀ lọ.

Ní ti àlùwàlá, hyaluronic acid ń yòrò nínú omi. Silicone tàbí ìda tí wọ́n pò mọ́ ọn ló lè dínà. Ẹ fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ rin ín lómi, kí ẹ sì fìka rà á. Bó bá ń ká kúrò ní wẹ́wẹ́, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó ṣe àlùwàlá. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń dán, tí omi sì kan awọ, kò séwu.

Ìpara kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Ìgbìmọ̀ Fíkíhì (òfin ẹ̀sìn) Àgbáyé ní Jeddah, ní 1997 (ìpinnu 93), ní oògùn ojú kì í bà á jẹ́, bí a kò bá gbé èyí tó dé ọ̀fun mì. Lójú àwọn Màlíkì, ìyẹn àwọn onímọ̀ tó ń tẹ̀lé Imam Mālik, ẹni tó bá mọ adùn rẹ̀ lọ́fun yóò san ààwẹ̀ náà padà. Ẹ kán ẹyọ kan, kí ẹ fìka tẹ igun ojú tó kángun sí imú fún ìṣẹ́jú 1 sí 2, kó má baà ṣàn lọ sọ́fun. Ó tún sàn kí ẹ kán an lẹ́yìn ìṣínu.

Abẹ́rẹ́ Màmá kì í ṣe oúnjẹ, ààwẹ̀ wọn ṣì wà. Bí ẹran adìyẹ tàbí ẹyin bá máa ń bá wọn jà, ẹ sọ fún dókítà, torí ti ogbe àkùkọ lè dá wàhálà sílẹ̀. Orúnkún kò sí lára ibi àlùwàlá. Ìwẹ̀ jánábà nìkan ni wọ́n ti máa fi ọwọ́ tútù pa orí bándéèjì.

Ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń gún un sí ètè. Bí ètè náà bá dá pé, tí ẹni náà kàn fẹ́ kó wú sí i, n kò fọwọ́ sí i (ẹ wo Súrà 4, āyà 119, lórí yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà). Bó bá jẹ́ àpá ìjàǹbá ni wọ́n fẹ́ dí, àtúnṣe nìyẹn. Nígbà tí imú fàdákà tí Arfajah, sàábé tó pàdánù imú rẹ̀ lójú ogun, fi rọ́pò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kó fi wúrà ṣe òmíràn, bẹ́ẹ̀ èèwọ̀ ni wúrà fún ọkùnrin.