Ṣé òkúta ni àbí eruku? Ohun tó bo ojú àwọn òṣùpá kéékèèké

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wo àwòrán Phobos, ọ̀kan nínú òṣùpá méjì tí Máàsì ní. Kòtò ló kún ojú rẹ̀. Ṣé òkúta líle ni, àbí eruku? Báwo lẹ ṣe mọ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò débẹ̀ rí?

ÌDÁHÙN: Eruku ni, eruku lẹ́búlẹ́bú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àpáta yọrí níbòmíràn. Ooru ló tú àṣírí rẹ̀. Ní 1998, ọkọ̀ òfuurufú Mars Global Surveyor wọn ìgbóná ojú Phobos: ibi tí oòrùn ń ta sí jẹ́ ìwọ̀n Celsius 4 nísàlẹ̀ òdo, ibi tó ṣókùnkùn jẹ́ 112 nísàlẹ̀ òdo. Bẹ́ẹ̀ òru ibẹ̀ kò tó wákàtí 4, torí wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 39 ni Phobos fi ń yí po. Àpáta kì í tutù kíá báyẹn. Ooru tó fà mu lọ́sàn-án ni yóò máa tú jáde lóru. Ti eruku yàtọ̀. Hóró rẹ̀ kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra ni, kò sí afẹ́fẹ́ láàárín wọn, ooru ò sì ráyè wọlẹ̀. Ìṣirò fi hàn pé eruku náà jìn tó mítà 1, ó kéré tán.

Àwọn òkúta ojú òfuurufú tó ń kọlù ú láti ayébáyé ló lọ̀ ọ́ kúnná bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ta sókè ju mítà 11 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á bọ́ lọ́wọ́ Phobos, ṣùgbọ́n Máàsì ò ní jẹ́ kó lọ jìnnà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á tún padà wá bà lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni irú òkúta tí wọ́n lọ̀. Nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó bà á, nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 péré ni Phobos ń dá padà, ó sì jọ àwọn òkúta dúdú oní-kábọ́ọ̀nù. Ẹ má tètè gba ìjọra yìí gbọ́. Ìtànṣán oòrùn máa ń sọ ojú eruku di dúdú, á sì pa àmì tí à bá fi dá òkúta mọ̀ rẹ́. Ìdí nìyí tí MMX, ètò ilẹ̀ Japan láti rán ọkọ̀ òfuurufú lọ bu eruku Phobos, fi fẹ́ gbẹ́ kọjá sẹ̀ǹtímítà 2, kó sì bu gíráàmù 10 ó kéré tán wá sílé.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn òṣùpá Sátọ̀n?

ÌDÁHÙN: Rárá, yìnyín omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Enceladus funfun ju gbogbo wọn lọ, nítorí omi tó ń tú jáde ní gúúsù rẹ̀ ń dì, ó sì ń padà bọ́ sórí rẹ̀. Iapetus ní tirẹ̀ dúdú níwájú, ìyẹn ìhà tó kọjú sí ibi tó ń lọ, ó funfun lẹ́yìn. Eruku láti ọ̀dọ̀ Phoebe, òṣùpá míì, ló ń bà lé iwájú náà. Dúdú rẹ̀ ń fa ooru, yìnyín ibẹ̀ á di oruku omi, á sì lọ dì sí ẹ̀yìn tó tutù.