Àgúnmu ìsọ̀yè tàbí ginkgo: èwo ni kí n rà fún ìyá mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin apòògùn. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 71, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń gbé. Ó ti tó bí ọdún kan tí wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan. Wọ́n á gbé ìkòkò kaná, wọ́n á bá ibòmíràn lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bi mí láàárọ̀, wọ́n á tún bi mí lọ́sàn-án. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti aspirin kékeré ni wọ́n ń lò. Àbúrò mi tó wà ní London fẹ́ fi ginkgo ránṣẹ́, hóró tí wọ́n fi ewé igi kan ṣe fún iyè. Ẹnì kan tún fi àgúnmu ìsọ̀yè lọ̀ mí lórí WhatsApp, ó ní ewé lásán ni, kò lè pani lára. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra ìkankan. Kì í ṣe pé mo kórìíra ewé o. Oògùn mẹ́rin ni dókítà sábà máa ń kọ fún ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra, ara ewéko sì ni méjì nínú wọn ti pilẹ̀. Ìtàn ọ̀kan nínú wọn, rivastigmine, bẹ̀rẹ̀ nítòsí wa níbí.

Ní Kàlàbá, àwọn Efik ní ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní esere. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn, ẹ̀wà yìí ni wọ́n ń fún un jẹ, bí wọ́n ṣe ń fún ènìyàn ní èèpo igi obò níbòmíràn. Ẹni tó bá bì í, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò bì í, ó kú. Dókítà kan ní Edinburgh, Robert Christison, fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ló bá jẹ díẹ̀ wò. Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, omi tó fi fá irùngbọ̀n ló gbé mu kó lè bì, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní 1855. Ní 1864, àwọn ará Jámánì méjì yọ kẹ́míkà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀wà náà, èyí tí à ń pè ní physostigmine. Ní 1935, Percy Julian, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹrú, ṣe kẹ́míkà yẹn láìfi ẹ̀wà kankan ṣe é. Inú mi máa ń dùn bí mo bá dé ibẹ̀ yẹn nínú ìtàn náà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ní kẹ́míkà kan, acetylcholine, tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Bó bá ti jíṣẹ́ tán, èròjà mìíràn wà nínú ara tó ń gé e sí wẹ́wẹ́ kíá. Nínú Alzheimer, àrùn ìgbàgbé tó máa ń ṣe àwọn àgbàlagbà, acetylcholine yìí á ti dín kù. Physostigmine á wá dí èròjà tó ń gé e lọ́wọ́, kí ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù lè pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, acetylcholine á kún gbogbo ara: itọ́ á máa dà, inú á máa ru, ọkàn á máa lù lọ́ra, mímí á ṣòro. Ohun tó ń pa àwọn tó jẹ esere nìyẹn. Kẹ́míkà kan náà ni, ìwọ̀n ló yàtọ̀.

Wọ́n dán physostigmine gan-an wò lára àwọn tí iyè wọn ń ra, àmọ́ kì í pẹ́ lára, ó sì máa ń rìn wọ́n nínú. Àwọn onímọ̀ kan ní Jerúsálẹ́mù ló wo bó ṣe rí, tí wọ́n fi ṣe rivastigmine, èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2000. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara wà: mílígíráàmù 4.6 péré ló ń wọ ara láàárín wákàtí 24 níbẹ̀rẹ̀. Èkejì ni galantamine. Inú òdòdó snowdrop ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, Bulgaria ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di oògùn, àwọn àgbẹ̀ kan ní Wales sì ń gbin òdòdó daffodil nítorí rẹ̀ báyìí. Mílígíráàmù 8 lójúmọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń tó oṣù kan kí wọ́n tó fi kún un.

Mi ò ní tàn yín: ìkankan nínú wọn kì í wo Alzheimer sàn. Wọ́n ń ran àwọn kan lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹlòmíràn kì í rí ìyàtọ̀ kankan.

Ó wá ku àgúnmu. Mílígíráàmù mélòó ti kí ni ó wà nínú ṣíbí kan rẹ̀? Ẹ bi ẹni tó ń tà á. Àwọn olùwádìí ọmọ Nàìjíríà ti yẹ àwọn ewé tí àwọn àgbà ń lò fún iyè wò, ìyeyè wà nínú wọn, wọ́n sì rí i pé àwọn ewé náà ń dí èròjà tó ń gé acetylcholine lọ́wọ́. Inú ìgò àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí i o, kì í ṣe lára arúgbó. Ẹ sì rántí ẹni tí àwọn baba wa ń ṣe ìsọ̀yè fún: ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá, ọmọdé tó ń kọ́ iṣẹ́, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé. Wọn ò ṣe é fún ìyá ẹni ọdún 71 tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ti “ewé lásán”, ẹ̀wà lásán ni esere náà.

Ginkgo ò gbà wá lákòókò. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn arúgbó tó lé ní 3,000, tí wọ́n ti pé ọdún 75 ó kéré tán, ní mílígíráàmù 120 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà, àwọn kan nínú wọn sì gba hóró tí kò ní oògùn nínú, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Èsì tó jáde ní 2008 ni pé kò dènà àrùn ìgbàgbé. Ó tún lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè máa dà, pàápàá lára ẹni tó ń lo aspirin bíi ti Màmá. Ẹ ní kí àbúrò yín fi owó àyẹ̀wò ránṣẹ́ dípò rẹ̀.

Ohun tí màá kọ́kọ́ béèrè bí ẹ bá wọlé wá bá mi ni ọ̀rá oògùn Màmá. Gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n tọ́jú sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló ń lo Piriton lálaalẹ́, nítorí ara yíyún tàbí kí wọ́n lè rí oorun sùn, wọn kì í sì í kà á mọ́ oògùn. Acetylcholine yẹn náà ni Piriton ń dí lọ́nà. Amitriptyline tí wọ́n ń kọ fún ẹsẹ̀ tó ń jóni náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lo Piriton lálẹ́, tó wá ń wá ìsọ̀yè láàárọ̀, ó dà bí ẹni tó ń da omi sínú agbè tó ti jò. Bí Piriton bá wà níbẹ̀, kí wọ́n yé lò ó. Bó bá jẹ́ amitriptyline, ẹ má fi ọwọ́ ara yín dá a dúró; ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà tó kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n yẹ ṣúgà, táírọ́ìdì àti fítámì B12 wò, kí wọ́n sì yẹ etí wọn wò. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa á jọ ẹni tó gbàgbé rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá inú wọn ń bàjẹ́, pàápàá bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ wọ́n láìpẹ́. Bí gbogbo èyí bá mọ́, kí dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ sọ bóyá ó tó oògùn. Ìgbà yẹn la máa sọ̀rọ̀ galantamine.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró de àyẹ̀wò wọ̀nyí. Bí Màmá bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan láàárín ọjọ́ kan, tí ara wọn gbóná, tàbí tí ẹnu wọn wọ́, tí apá kan ò ṣe é gbé, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ òru.