Ẹgbẹ́ ẹ́sítéètì ti kíláǹpù mọ́tò yín ní Èkó, ẹ̀yin sì wà lókè òkun

Sister mi, ẹ kú ìdààmú o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ kọ kí n tó dáhùn. Manchester lẹ wà, Màmá ló ń gbé ilé tí ẹ rà sínú ẹ́sítéètì lọ́nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́, inú ọgbà ilé ò gbà ju mọ́tò kan lọ, àbúrò yín wá kí Màmá, ó páàkì síwájú géètì mọ́jú, kí ilẹ̀ tó mọ́ ẹgbẹ́ àwọn onílé ti fi kíláǹpù, irin tí kì í jẹ́ kí mọ́tò rìn, há táyà ẹ̀, wọ́n ní ẹ máa san ₦50,000 kí àwọn tó ṣí i, wọ́n tún ní bí ọjọ́ méje bá kọjá àwọn á ti kóòdù tí Màmá fi ń gba àlejò wọlé pa. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ gba lọ́yà ni àbí kẹ́ ẹ kàn sanwó kí Màmá lè rímú mí.

Tèmi ni pé kẹ́ ẹ sanwó náà, àmọ́ ẹ má san án bí ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé tipátipá lẹ fi san án, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá du owó yín gbà padà. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín, ó dun èmi náà nígbà tí wọ́n gbà mí nímọ̀ràn yìí, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Bàbá tèmi ni wọ́n ṣe é fún, ní ẹ́sítéètì míì, èmi wà ní Calgary. Bí mo ṣe gbọ́ báyìí orí WhatsApp àwọn ará ẹ́sítéètì ni mo gbà lọ, mo fi fóìsì nóòtù mẹ́ta ránṣẹ́, mo bú alága, mo bú akọ̀wé, mo ní wọn ò mọ ẹni tí mo jẹ́. Gbogbo ariwo tí mo pa yẹn, orí Bàbá ló já lé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mọ́tò fi wà lójú kan, bàbá ẹni ọdún 74 ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé géètì ńlá nínú oòrùn kí wọ́n tó rí kẹ̀kẹ́ wọ̀ lọ ra oògùn wọn, wọn ò sì sọ fún mi o, aládùúgbò ló pè mí. Ó ṣì ń dùn mí dòní. Ẹni tó wà nílé ni ìyà ìjà yìí máa ń jẹ, torí náà ẹ kọ́kọ́ yọ Màmá kúrò nínú ẹ̀ ná.

Ìgbà tí ara mi balẹ̀ ni mo tó wá ìwé tí mo fọwọ́ sí nígbà tí mo ń ra ilé jáde. Ó wà níbẹ̀ gbangba pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, inú ọgbà oníkálùkù ni kí mọ́tò ẹ̀ wà. Mo ti fọwọ́ sí i láìkà á. Òfin yẹn mú mi, mi ò lè jiyàn. Àmọ́ mo ka ìwé yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò ríbi tí wọ́n ti dárúkọ kíláǹpù, mi ò ríbi tí wọ́n kọ iye owó kankan sí. Ìwé tí wọ́n fi sẹ̀lótéépù lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú mọ́tò Bàbá, wọn ò kọ déètì sí i, kò sí orúkọ, kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i, wọ́n tẹ ₦20,000 síbẹ̀, ẹnì kan wá fi báírò fa ìlà lé e ó kọ ₦40,000 sórí ẹ̀. Aládùúgbò yẹn ló yà á ní fọ́tò fún mi kí ẹnikẹ́ni tó yọ ọ́. Fọ́tò yẹn ló gbà mí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nìyẹn sister: òfin lọ́tọ̀, fáìnì lọ́tọ̀. Òfin páàkì lè mú yín kí fáìnì má mú yín. Ẹ má lọ máa bá wọn jà lórí pé àbúrò yín ò páàkì síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ó páàkì síbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa bi wọ́n ni pé, ta ló fún yín láṣẹ láti gba ₦50,000, ọjọ́ wo lẹ fẹnu kò lé e, ibo lẹ kọ ọ́ sí?

Kẹ́ ẹ tó lè béèrè ìyẹn, ẹ nílò ìwé. Àkọ́kọ́ ni ìwé tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ àwọn tó ta ilé fún yín, pàápàá ibi tí wọ́n to àwọn àdéhùn sí lẹ́yìn, ibi tí kò sẹ́ni tó ń kà nínú wa. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ní kí wọ́n fi kọnsitítúṣọ̀n ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí yín àti àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ti ṣòfin fáìnì. Ímeèlì ni o, kì í ṣe ìpè, torí ìpè ò ní ẹ̀rí. Kẹ́ ẹ tún lọ sórí sáìtì CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá orúkọ ẹgbẹ́ yẹn, ẹ lè ṣe é láti ibi tẹ́ ẹ wà. Àwọn ẹgbẹ́ onílé tó forúkọ sílẹ̀ máa ń wà lábẹ́ Incorporated Trustees, Part F nínú CAMA 2020, òfin tó ń darí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ló gbé wọn ró. Èyí tí kò bá forúkọ sílẹ̀ ò lè fi orúkọ ara ẹ̀ pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ìyẹn á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé section 40 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ní kò sẹ́ni tó lè fipá mú yín wọ ẹgbẹ́. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá wu èèyàn ló ń bá ṣẹgbẹ́. Àmọ́ ẹ má gbé gbogbo ara lé e, torí bẹ́ẹ̀ bá ti fọwọ́ sí àdéhùn nígbà tẹ́ ẹ ń ra ilé, àdéhùn yẹn ṣì ń bẹ bóyá ẹ wọ ẹgbẹ́ àbí ẹ ò wọ̀ ọ́. Ẹ má sì tìtorí ìjà yìí dá owó sikiọ́ríìtì àti owó ìdọ̀tí dúró. Ibi tí wọ́n ti máa rí ẹ̀sùn gidi fi kàn yín nìyẹn.

Ó wá ku owó fúnra ẹ̀. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ san án sí, kì í ṣe àkáǹtì sikiọ́ríìtì, kì í ṣe ti alága fúnra ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ kọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń fowó ránṣẹ́, ẹ kọ "paid under protest", ìyẹn ni pé ẹ san án àmọ́ ẹ ò fara mọ́ ọn, àti nọ́ńbà ilé yín. Lọ́jọ́ yẹn náà kẹ́ ẹ fi ímeèlì tẹ̀ lé e pé kí mọ́tò lè kúrò ńbẹ̀ lẹ ṣe san án, ẹ ò gbà pé ẹ jẹ ẹ́. Kí àbúrò yín gba rìsíìtì kí wọ́n tó ṣí irin yẹn, kó ya fọ́tò táyà àti rímù kí wọ́n tó ṣí i àti lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i. Kó má dán an wò láti fi ayùn gé e o! Mo mọ ẹni tó gé e, ọ̀rọ̀ yí padà, òun ló wá di ẹni tó ba nǹkan oníǹkan jẹ́. Àwọn ọmọ tó wà ní géètì náà, kí àbúrò yín má bá wọn jà, iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni wọ́n ń jẹ́, àwọn náà ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún Màmá lójoojúmọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àbúrò yín máa bá yín lọ sí ìpàdé, lẹ́tà tẹ́ ẹ fọwọ́ sí pé ẹ fún un láṣẹ ti tó, pẹ̀lú fọ́tò páásípọ́ọ̀tù yín. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá máa dé ilé ẹjọ́, power of attorney, ìwé òfin tẹ́ ẹ fi yan ẹni tó máa ṣojú yín, ló dáa jù, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i níwájú notary public, lọ́yà tó láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, ní Manchester níbẹ̀ àbí níwájú àwọn aṣojú Nàìjíríà ní London, òfin ẹ̀rí ti 2011 gba ìwé bẹ́ẹ̀ wọlé láìjẹ́ pé ẹ wá jẹ́rìí sí i fúnra yín.

Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n dá ímeèlì yín lóhùn. Tí wọ́n bá dákẹ́, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ni mo máa ní kẹ́ ẹ lọ, wọn ò gba kọ́bọ̀, wọ́n á pe ẹgbẹ́, wọ́n á jókòó sáàárín yín. Ibẹ̀ lèmi ti rí ọ̀rọ̀ tèmi yanjú, alága fúnra ẹ̀ ló wá, ẹni tí mo bú lórí WhatsApp, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi tó ṣojú mi bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó sọ nǹkan míì. Wọ́n dá ₦40,000 tí mo ti san padà. Tí ìyẹn náà ò bá yanjú ẹ̀, Small Claims Court wà ní Èkó láti 2018, owó tí kò bá ju ₦5 mílíọ̀nù lọ ni wọ́n ń dá ẹjọ́ ẹ̀, wọ́n ṣètò ẹ̀ kó má ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ, kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ gba lọ́yà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ kọ lẹ́tà béèrè owó yín sí wọn.

Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ní òun máa kó ọlọ́pàá wá bá Màmá, kí Màmá má sá o. Section 32 nínú òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí ẹ̀sùn tí kì í ṣe ìwà ọ̀daràn tàbí torí ó yẹ àdéhùn lásán. Ẹ tẹ ojú ewé yẹn jáde kẹ́ ẹ ní kí Màmá fi í sínú àpò wọn.

Lálẹ́ òní ẹ pe Màmá, ẹ bi wọ́n bóyá ìwé kankan wà lára mọ́tò yẹn, kí àbúrò yín yà á ní fọ́tò kí òjò tó pa á tàbí kí ẹnì kan tó ká a kúrò. Kẹ́ ẹ sì bá mi wo ìwé ilé yín, tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ páàkì, ẹ bo orúkọ yín kẹ́ ẹ gbé e síbí, mo máa bá yín kà á.