Ẹ Má Da Kẹ́míkà sí Àbàtà Yẹn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkùrọ̀ ni mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ ní Karmo, l'Abuja níbí. Omi ìwẹ̀ àti omi sọ́kàwéè àwọn ilé òkè ń ṣàn wọ àbàtà tí mo ti ń pọn omi. Láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, omi náà ti ki bí ọbẹ̀ ewédú. Bí a bá débẹ̀ ní ìdájí, ẹja ti kú léfòó. Wọ́n ní kí n ra kẹ́míkà tó ń pa ewé inú omi. Ṣé kí n rà á? (Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́)

Ìdáhùn: Ẹ má rà á, mà. Ìdájí tí ẹ mẹ́nu bà yẹn ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí. Ewéko tíntìntín tí ojú kò lè rí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló sọ omi yín di ewédú. Lójú oòrùn, wọ́n ń tú ọ́síjìn sínú omi. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn náà á máa mí in. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kù díẹ̀ káàtó fún ẹja. Ẹ yẹ òkú ẹja wọ̀nyẹn wò: bó bá jẹ́ ẹpìyà ló pọ̀ jù, tí àrọ̀ ṣì ń ta pọ́ún, àìrí èémí mí ni, torí àrọ̀ lè yọrí sókè gbé afẹ́fẹ́ mì. Bí àrọ̀ náà bá ń kú, ẹ fura sí májèlé, kí ẹ yéé lo omi náà ná.

Kẹ́míkà á pa gbogbo ewé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn á jẹrà, ìjẹrà yẹn á sì gbé ìwọ̀nba ọ́síjìn tó kù mì. Irú kan tún wà nínú wọn tó jẹ́ pé ìgbà tó bá ń kú ni májèlé inú rẹ̀ ń tú jáde, síse kì í sì í pa á.

Ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ọṣẹ ló ń bọ́ ewé inú omi wọ̀nyí. Náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀, ohun kan náà tí ẹ ń sanwó fún nínú àpò ajílẹ̀ NPK. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni mo bẹ̀rù jù. Ní 1973, àwọn onímọ̀ kan ní Kánádà ta ìkélé sáàárín adágún kan. Wọ́n da náítírójìn àti kábọ́ọ̀nù sí apá méjèèjì, wọ́n wá fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kún apá kan. Apá yẹn nìkan ló di ewédú. Náítírójìn lè bá afẹ́fẹ́ lọ láti inú ẹrẹ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò níbi tí í lọ. Bí kò bá sí nínú ewé, ó wà nínú ẹrẹ̀, bí ọ́síjìn bá sì tán nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ á tú u sílẹ̀ padà. Nítorí náà, bí ẹ tilẹ̀ dí gọ́tà lónìí, omi náà kò ní mọ́ lóṣù tó ń bọ̀.

Koríko gíga tí àwọn Haúsá ń pè ní kachalla, àti ojú oró, ń fa oúnjẹ yìí kúrò nínú omi. Ẹ gé wọn, kí ẹ sì kó wọn lọ. Kíkó yẹn gan-an niṣẹ́. Mo ti dé ibi tí wọ́n ti gé e tán tí wọ́n kó o jọ sétí omi; òjò àkọ́kọ́ ló gbé gbogbo rẹ̀ padà. Orí ilẹ̀ gíga ni kó ti jẹrà di ajílẹ̀. Ẹ fi NPK sílẹ̀ ná, omi yín ti ṣe é tán. Ẹ gbẹ́ kòtò síwájú àbàtà kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ máa silẹ̀ sí, kí ẹ máa kó o. Ẹ bá àwọn onílé sọ̀rọ̀ kí wọ́n pe ẹni tó ń fa sọ́kàwéè.

Ìdí ẹ̀fọ́ ni kí ẹ máa da omi sí, kì í ṣe ewé rẹ̀, kí ẹ sì dáwọ́ omi àbàtà dúró ní ọjọ́ bíi mélòó kan kí ẹ tó já a. Ẹja tó kú ńkọ́? Ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí omi. Ajílẹ̀ lòun náà.