Fìlà aṣọ òkè kì í fẹ̀ lórí ìkòkò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. London ni mo ń gbé, oṣù tó ń bọ̀ ni a ó ṣe ìdáná wa n'Íbàdàn. Mo ní kí ẹnìkan bá mi rán gọ̀bì aṣọ òkè fún èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́fà. Nígbà tó bi mí léèrè ìwọ̀n orí mi, nọ́ńbà tó wà nínú féèsì káàpù mi ni mo sọ fún un, 7¼. Tèmi ti dé báyìí, ó fún mi pinpin, iwájú orí mi sì ń dùn mí tí mo bá dé e. Ẹni tó tà á ní kí n gbé e lé ìkòkò lórí mọ́jú, tàbí kí n fi oru omi gbígbóná sí i, pé yóò fẹ̀. Èwo ló dára jù nínú méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, apá ibo ló sì yẹ kí ọkọ ìyàwó tẹ fìlà sí? Wọ́n ní ọ̀tún ni ti ẹni tí kò tíì gbéyàwó, òsì ni ti ẹni tó ti gbé e.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì. Bí fìlà náà bá ti wà lórí ìkòkò, lọ gbé e kúrò kí o tó ka èyí tó kù. Ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì lè dúró ná, n ó kàn án kí n tó parí. Ohun tó ń bí mi nínú ni "yóò fẹ̀" tí àwọn òǹtajà ń wí kiri yìí. Oṣù kan kì í lọ kí wọ́n má gbé fìlà tí ẹnìkan ti bà jẹ́ bẹ́ẹ̀ wá bá mi ní ìsọ̀.

Aṣọ òkè kì í fẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kí o lè rí èsì fún ẹni tó bá tún sọ ọ́ létí rẹ.

Orí òfì ni wọ́n ti ń hun ún. Òwú kan lọ gbọọrọ, òwú kejì ń gba àárín rẹ̀ kọjá láti ọ̀tún sí òsì, ahunṣọ sì ń gbá a mọ́ra títí yóò fi ki. Ọ̀já tó ń jáde lórí òfì àwọn ọkùnrin láti àtijọ́ wá kò fẹ̀ ju nǹkan bí ínṣì 4 lọ. Àwọn ọ̀já yìí ni wọ́n ń rán mọ́ra kó tó di aṣọ. Bí o bá dé Ìsẹ́yìn, tàbí tí o yà sí ọjà Ọ̀jẹ́ n'Íbàdàn, mú ọ̀já kan kí o fà á ní gígùn: kò ní lọ. Fà á ní ìbú: kò ní lọ. Àfi tí o bá fà á láti igun kan sí igun kejì ló máa yẹ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ a kì í gé fìlà ní igun sí igun. Lẹ́yìn èyí ni a tún máa tẹ́ aṣọ líle sínú rẹ̀, èyí tí a fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lẹ̀ mọ́ ọn kí fìlà lè dúró, kí a tó wá fi aṣọ ìtẹ́nú bò ó. Ìpele mẹ́ta, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń nà.

Kí ló wá ń fẹ̀ lórí ìkòkò? Ojú rírán ni. Òwú tí a fi rán ẹ̀yìn fìlà ni ìkòkò ń fà, díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi máa ya. O lè rò pé ó ti gbà ọ́ lórí nígbà tó bá di ọjọ́ kejì. Ìgbà tí o bá dé e níwájú àwọn àna rẹ ni yóò là.

Ti oru omi gbígbóná burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Àwọn fídíò tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, níbi tí Òyìnbó ti ń gbé fìlà sójú oru kí ó lè rọ̀, tí ó sì ń fi ọwọ́ fẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni ohun tí Òyìnbó yẹn ń ṣe, ṣùgbọ́n fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe aṣọ híhun. Felt ni wọ́n ń pè é: irun ehoro tàbí irun àgùntàn tí wọ́n fi omi gbígbóná àti agbára tẹ̀ mọ́ra títí ó fi dì. Kò ní òwú gígùn, kò ní òwú ìbú. Irú rẹ̀ ni fìlà olétí yíká tí o máa ń rí lórí àwọn bàbá ní apá Niger Delta. Oru ń tú irun yẹn sílẹ̀, ó sì lè gba ìrísí tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ni fìlà òwú tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kọ́ lọ́wọ́, kókó inú kókó ni, ìdí nìyẹn tó fi ń nà bí ìbọ̀sẹ̀. Aṣọ òkè kò sí lára àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá mú ìtọ́jú felt wá bá aṣọ òkè dà bí ẹni tó ń fún ewúrẹ́ ní oúnjẹ adìẹ.

Oru yẹn ló sì máa tú gọ́ọ̀mù aṣọ líle inú rẹ̀, tí iwájú fìlà á wá wú lókè-wú nísàlẹ̀ bí awọ ara tí iná jó. Bí ó bá jẹ́ pé òwú gidi ni wọ́n fi hun ún, omi gbígbóná lè mú un sún kì, kí fìlà tó fún ọ tẹ́lẹ̀ wá fún ọ sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fìlà ẹtù bàbá rẹ̀ wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Bàbá náà ti kú, fìlà yẹn ló mú nínú ẹrù rẹ̀, ó sì fẹ́ dé e níbi ìgbéyàwó tirẹ̀. Wọ́n ní kí ó fi oru sí i. Aró ẹtù ṣàn wọ inú aṣọ ìtẹ́nú funfun, ó sì tún ń kun iwájú orí ọmọ náà. Mo tú u, mo pààrọ̀ inú rẹ̀, mo ṣe èyí tí mo lè ṣe, ṣùgbọ́n ẹtù yẹn kò padà sí bó ṣe wà mọ́. Kò tọ́ sí i. Ẹni tó gbà á nímọ̀ràn náà ò tíì rán fìlà kan rí ní ayé rẹ̀.

Ó dáa, ti nọ́ńbà wá ńkọ́? Àwọn àgbà ní ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí. Ìwọ ní méjèèjì, ìwọ̀n ni kò jẹ́ kí wọ́n bára mu. 7¼ tí o sọ kì í ṣe ìyípo orí rẹ. Nọ́ńbà àwọn ará Amẹ́ríkà ni: wọ́n ṣe bí ẹni pé orí rí roboto bí àwo, wọ́n sì wọn àwo náà láti etí kan dé èkejì. 7¼ tiwọn jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 58, kò fi bẹ́ẹ̀ pé ínṣì 23. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí o wà lọ́dọ̀ wọn ń kọ 7⅛ fún orí yẹn kan náà, nítorí náà 7¼ lára fìlà Gẹ̀ẹ́sì tóbi ju 7¼ Amẹ́ríkà lọ. Nílé níbí, ìyípo orí ní ínṣì là ń pè: 22, 22½, 23, 23½, 24. Ó dà bí ẹni pé ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ fojú bù ú ni, ó sì rán 22. Ó yẹ kó bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Èmi kì í gba nọ́ńbà féèsì káàpù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ló ní okùn lẹ́yìn tí a ń fún tàbí tú, kò sì lè sọ bí orí ṣe tó.

Bí a ṣe ń wọn orí nìyí. Wá téèpù aránṣọ. Mú un kọjá lókè ìpéǹpéjú díẹ̀, lókè etí méjèèjì, kí o sì jẹ́ kó gba ibi tí ìpàkọ́ rẹ ti yọ jù. Má fún un. Èmi a máa fi ìka kan sábẹ́ téèpù, ibi tó bá dé ni mo ń kọ. Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá dọ́gba, èyí tó tóbi jù ni kí o mú. Bí kò bá sí téèpù, lo ríbọ́ọ̀nù tàbí okùn tí kì í nà, kí o wá fi rúlà wọn okùn náà. Ohun kan tí àwọn ọkọ ìyàwó máa ń gbàgbé ni irun. Bí irun rẹ bá pọ̀ báyìí, tí o sì máa lọ gẹ̀ ẹ́ kó kù díẹ̀ kí ìdáná pé, kọ́kọ́ gẹ̀ ẹ́ bí yóò ṣe rí lọ́jọ́ náà kí o tó wọn orí.

Fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ báyìí, yí inú rẹ̀ síta, kí o wo ojú rírán ẹ̀yìn. Aránfìlà tó mọ iṣẹ́ máa ń fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ sínú. Bí a bá rí ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìdajì ínṣì nìyẹn, ó sì lè tó ọ. Bí kò bá fi nǹkankan sílẹ̀, wọ́n lè fi ẹ̀là aṣọ kan náà sí ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ojú á rí i. Gbé e fún ẹni tó ń rán fìlà, kì í ṣe aránṣọ lásán, má sì jẹ́ kó gé ohunkóhun kó tó fi hàn ọ́. Èmi kò rí fìlà náà lójú, nítorí náà n kò lè dá ọ lójú pé yóò ṣeé tú. Ká ní ó tóbi ni, ìyẹn rọrùn: tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ kan nínú etí rẹ̀ ti tó.

O ní iwájú orí ń dùn ọ́. Fìlà tó fún lè fa ẹ̀fọ́rí, ó sì yẹ kó lọ lẹ́yìn tí o bá ṣí i. Bí o bá ti ṣí i, tí ẹ̀fọ́rí kò lọ, dókítà ni kí o lọ rí, n kì í ṣe oníṣègùn. Má sì fi agídí dé e. Ìyàwó rẹ ló máa dé fìlà fún ọ lọ́jọ́ ìdáná, níwájú alága ìjókòó àti alága ìdúró, pẹ̀lú gèlè lórí tirẹ̀. Ọwọ́ kan ló yẹ kó fi dé e. Bí ó bá ń fi ọwọ́ méjèèjì tì í, gbogbo ilé ló máa rí i.

Ọ̀tún tàbí òsì wá. Ọ̀rọ̀ pé apá kan ni ti àpọ́n, apá kejì ni ti ẹni tó ti gbéyàwó, n kò bá a lẹ́nu ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Bí o ṣe gbọ́ ọ pé ọ̀tún ni ti àpọ́n, ẹlòmíràn ti sọ fún mi pé òsì ni. Mú owó 100 náírà, wo Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lórí rẹ̀: fìlà rẹ̀ dúró ṣánṣán, kò tẹ̀ síbì kankan, bẹ́ẹ̀ ó ti gbé Ìyá wa HID níyàwó láti 1937. Abetí-ajá náà ńkọ́? Etí méjì ló ní, ká ka òkè tàbí ká sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà òtútù, apá wo ni ti àpọ́n níbẹ̀? Tẹ gọ̀bì sí ibi tó bá ojú rẹ mu, kí ojú rírán sì wà lẹ́yìn. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí mo ní ni ti fọ́tò: bí ìyàwó rẹ bá dúró ní ọ̀tún rẹ, tẹ fìlà sí òsì, kí ó má baà máa kọ lu gèlè rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń dọ̀bálẹ̀, ṣí i, mú un lọ́wọ́. Má jẹ́ kó já bọ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mẹ́fà kù. Bí wọ́n kò bá tíì gé tiwọn, dá iṣẹ́ náà dúró lónìí. Kí olúkúlùkù fi téèpù wọn orí ara rẹ̀, kí ó kọ ọ́ ní ínṣì, kí ó sì fi fọ́tò téèpù náà ránṣẹ́. Oṣù kan kì í jìnnà fún aṣọ òkè. Bí wọ́n bá ti gé e, béèrè bí aṣọ tó fi sílẹ̀ sínú ẹ̀yìn ṣe tó kí o tó san owó tó kù.